Ahun, Àpà àti Alájẹṣẹ́kù: Ọ̀rọ̀ lórí Ìṣúná Owó Ẹni

Ọdọọdún ni gómìnà máa ń gbé àbá ètò ìṣúná lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Adó-Èkìtì. A ó gbọ́ ọ lórí rédíò ní Ìkọ̀lé, ní Ọyẹ́ àti ní Ìdó pé báyìí ni owó tí yóò wọlé, báyìí sì ni èyí tí yóò jáde. Àwọn tí ń gbọ́ ìròyìn náà a sì máa ṣe àríwísí rẹ̀ gidigidi. Wọn a ní èyí tí a yà sọ́tọ̀ fún ọ̀nà oko kéré jù, wọn a ní èyí tí a fi sí ìrìn-àjò àwọn aláṣẹ ti pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀kan nínú àwọn alárìíwísí wọ̀nyí pé èló ni òun fúnra rẹ̀ yóò ná ní oṣù tí ń bọ̀, àti lórí kí ni, ẹ̀rín ni yóò fi dá wa lóhùn. Èmi náà ti fi irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ dá ènìyàn lóhùn rí, ó sì ná mi ní ohun kan tí n kò lè gbàgbé, tí n ó sọ níwájú. Kí ló dé tí ohun tí a lóye rẹ̀ tó báyìí nígbà tí ó jẹ́ ti ìjọba fi ṣòro láti mú wọ inú ilé ẹni?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ara ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi. Inú kí a ṣún nǹkan ná ni ìṣúná ti jáde. Bí omi bá ṣọ̀wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyá a sọ fún ọmọ pé kí ó ṣún un lò. Bí epo bá kù díẹ̀ nínú ìgò, a ó ṣún un títí ọjọ́ ọjà yóò fi pé. Ẹni tí ó ń ṣún nǹkan lò ti rí ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún un. Ètò yàtọ̀ sí èyí. Ìgbà tí ìkòkò ṣì kún ni a ń ṣe ètò. Nígbà tí àwọn akọ̀ròyìn so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ tí wọ́n pè é ní ètò ìṣúná, iṣẹ́ tí ó dára ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n etí ará ilé kò gbọ́ ètò tí ó ṣíwájú. Ìṣúná tí ó kẹ́yìn ni ó gbọ́. Nítorí náà, bí a bá sọ fún ènìyàn pé kí ó ṣe ìṣúná owó oṣù rẹ̀, ohun tí ó ń dún ní etí rẹ̀ ni pé kí ó máa fi ebi pa ara rẹ̀.

Èdè wa tún ní orúkọ fún ẹni tí ó bá kùnà ní apá kìíní àti ní apá kejì. Ẹni tí owó kò lè jáde lọ́wọ́ rẹ̀, ahun ni, orúkọ kan náà tí a fi ń pe ìjàpá inú àlọ́. Ẹni tí owó kò lè dúró lọ́wọ́ rẹ̀, àpà ni. Orúkọ méjèèjì ló korò, ṣùgbọ́n wọn kò korò bákan náà. Bí àpà bá kú, àwọn tí ó jẹun nílé rẹ̀ yóò sọ pé ọ̀làwọ́ ènìyàn ni, pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í dá. Àwọn ọmọ rẹ̀ nìkan ni yóò mọ gbèsè tí ó fi sílẹ̀. Ní ti ahun, kò sí ẹni tí yóò bá a wá orúkọ tí ó dùn ju ahun lọ. Ẹni tí ó bá wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ń ná èyí tí ó yẹ tí ó sì ń pa èyí tí ó yẹ mọ́, mọ ibi tí ìyà orúkọ ti kéré. Kàkà kí wọ́n pè é ní ahun, yóò kúkú súnmọ́ ọ̀dọ̀ àpà.

Kì í ṣe pé kò sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n nínú òwe wa. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ṣe bí o ti mọ, ẹlẹ́wà Ṣàpọ́n. Àwọn òwe wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a wo ẹni tí ń pa wọ́n, àti ìgbà tí ó ń pa wọ́n. Ẹni tí ó ní ni ó sáábà máa ń pa wọ́n fún ẹni tí kò ní, lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán. Òwe bí irú èyí ń dá ènìyàn lẹ́jọ́, kò kọ́ ọ ní ọ̀nà. Òwe kan wà tí ó jinlẹ̀ jù wọ́n lọ, òun náà ni pé àgbà tí ó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀rọ̀ wọ̀bìà ni. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Òwe náà kò sọ pé àgbà náà jẹun jù. Ohun tí ó sọ ni pé kò ṣẹ́ nǹkan kan kù. Ìyà tí ó sì fi jẹ ẹ́ kì í ṣe inú rírun. Àwọn ọmọ tí ó ń retí ìṣẹ́kù ti lọ, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé igbá. Níbi oúnjẹ àgbà yìí, àwọn kan wà nítòsí tí ojú wọn wà lára àwo. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ ojú yìí sọ́kàn.

Ní ìgbà èwe mi ní agbègbè Ìkọ̀lé, mi ò gbọ́ kí bàbá mi pe ìṣúná rí, síbẹ̀ mo rí i tí ó ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, ọ̀nà mẹ́ta ni ó ń pín in sí: èyí tí a ó jẹ, èyí tí a ó tà, àti èbù tí a ó gbìn ní ọdún tí ń bọ̀. Ibi tí a to ti jíjẹ sí kọ́ ni a to èbù sí. Nígbà tí iṣu tuntun kò tíì jáde tí ti àtijọ́ sì ti ń tán lọ, iyán inú ilé a máa kéré sí i, a ó máa fi gbáàgúdá àti àgbàdo rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ebi pa ilé tó, a kì í gún èbù níyán. Kì í ṣe pé ọkàn bàbá mi le ju ti àwọn bàbá yòókù lọ. Gbogbo ilé ló mọ èyí tí í ṣe èbù. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá kàn án, ìyá mi yóò rí i, àwọn ẹ̀gbọ́n mi yóò rí i, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe àáró yóò sì rí i ní ọjọ́ tí wọ́n bá dé oko rẹ̀ tí wọn kò bá nǹkan láti gbìn. Ètò ìṣúná tí ó lójú ni ti èbù.

Owó ni kò ní irú ojú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí kòkó di irè oko pàtàkì ní ilẹ̀ wa, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó àgbẹ̀ ń wọlé, ní nǹkan bí oṣù kẹwàá sí oṣù kìíní, tí í ṣe àkókò kan náà tí ọyẹ́ ń mú, tí àwọn ọmọ ìlú ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ fún ọdún Kérésìmesì, tí a ń sìnkú, tí a ń gbéyàwó, tí a ń ṣí ilé. Títí di ọdún 1986 tí ìjọba tú àwọn àjọ tí ń ra irè oko ká, a máa ń kéde iye tí a ó ra kòkó kí ọjà ọdún náà tó ṣí. Àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ ṣe ìṣirò lè ṣe é. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní nǹkan lọ́wọ́ mọ́ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, àwọn mìíràn a sì fi oko kòkó dógò nítorí owó ilé-ìwé. Àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyí náà ni kò jẹ́ gún èbù níyán. Kí ni ó yí wọn padà? Mo gbà pé kò sí ohun tí ó yí wọn padà. Náírà tí a ó fi ra ajílẹ̀ àti náírà tí a ó fi ra ọtí jọ ara wọn bí ìbejì. Kò sí ẹni tí ó lè wo àpò agbádá ẹlòmíràn kí ó sọ pé èbù ni èyí.

Àwọn obìnrin ọjà ni ó wá ojú fún owó. Mo ń sọ nípa èsúsú. Ètò tí ó lọ́jọ́ lórí ni: Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó parí ní 1897, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, William Bascom, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, fi odindi àpilẹ̀kọ kan jíròrò rẹ̀ ní 1952, àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú sì ti gbé e sọdá òkun, tí ó fi jẹ́ pé susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí di òní. Bí obìnrin mẹ́wàá bá ń dá 5,000 náírà lóṣù, 50,000 ni ẹnì kan yóò máa kó, títí yóò fi kárí. Àkọlé àpilẹ̀kọ Bascom pè é ní ètò ìyánilówó. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kó èsúsú ni a yá lówó. Ẹni tí ó kó o kẹ́yìn kò yá owó kankan, òun gan-an ni ó ń yá àwọn yòókù, láìgba èlé. Kí ni òun ń jẹ níbẹ̀?

Ẹ wo àjọ tí ó ṣe tímọ́tímọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Oníṣòwò tí ó ń fún alájọ ní 500 náírà lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́ ti dá 15,000. Ní òpin oṣù, alájọ yóò mú owó ọjọ́ kan, yóò sì kó 14,500 lé e lọ́wọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi èyí rẹ́rìn-ín: ta ni ó ń sanwó kí a tó bá a tọ́jú owó ara rẹ̀? Ẹ̀rín náà kò bọ́ sí i. Ohun tí oníṣòwò náà fi 500 rà ni ọwọ́ ẹlòmíràn tí kò ní jẹ́ kí ọwọ́ tirẹ̀ dé ibi tí owó wà, àti ẹsẹ̀ tí yóò máa wá a wá sí ìsọ̀ lójoojúmọ́. Abájọ tí a fi ń yin olóye ènìyàn pé orí rẹ̀ pé bíi ti alájọ Ṣómólú, ẹni tí wọ́n ní ó ń gba owó ọ̀pọ̀ ènìyàn láìkọ ọ́ sílẹ̀, tí kò sì ṣì wọ́n san. Ìwé kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà, ènìyàn ni.

Ibí yìí ni mo ti rí orúkọ tí mo ń wá. Mo sọ níṣàájú pé ẹni tí ó wà láàárín ahun àti àpà ń sá fún orúkọ. Ṣùgbọ́n èdè kò gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Nígbà tí òfin ẹgbẹ́ alájọṣepọ̀ jáde ní Nàìjíríà ní 1935, tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ń tàn ká láàárín àwọn àgbẹ̀ àti àwọn òṣìṣẹ́, orúkọ tí àwọn ènìyàn wa fún un ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Kí a jẹ, kí ó sì ṣẹ́ kù: bí a bá wá ìtumọ̀ ètò ìnáwó tí ó dára ní gbogbo èdè ayé, n kò mọ̀ bóyá a ó rí èyí tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí ó sì pé tó bẹ́ẹ̀. Jíjẹ ni ó ṣíwájú. Kò sí ebi nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ahun jẹ́ orúkọ ẹnì kan, àpà jẹ́ orúkọ ẹnì kan, alájẹṣẹ́kù sì jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́. A kì í tọ́ka sí ẹnì kan lójú pópó pé alájẹṣẹ́kù ni lágbájá, àfi bí a bá fẹ́ sọ pé ó wà nínú ẹgbẹ́. Èdè fi ìwà náà sí ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, bí ẹni pé ó mọ̀ pé ẹnì kan kò lè dá a hù.

Pẹ̀lú èyí lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀kọ́ tí a ń kọ́ wa lóde òní wò. Ní 2005, Elizabeth Warren, tí ó di sẹ́nétọ̀ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn náà, àti ọmọ rẹ̀ Amelia Warren Tyagi, kọ ìwé kan tí ó sọ òfin ìdajì, ọgbọ̀n àti ogún di olókìkí. Nínú 100 tí ó bá wọlé, 50 ni a ó fi gbọ́ bùkátà tí kò ṣe é yẹ̀, 30 fún ohun tí ọkàn ẹni fẹ́, 20 fún ìfipamọ́ àti gbèsè sísan. Àwọn olùkọ́ ètò ìnáwó ní ilé ìjọsìn àti ní ibi iṣẹ́ ń fi kọ́ wa báyìí. Ẹ jẹ́ kí a fi ẹni tí ń gba 70,000 náírà dán an wò, tí í ṣe owó oṣù tí ó kéré jù lọ tí òfin gbé kalẹ̀ ní oṣù keje 2024. 35,000 fún bùkátà, 21,000 fún ìfẹ́ ọkàn, 14,000 fún ìfipamọ́. Kí a má tilẹ̀ sọ bóyá 35,000 lè bọ́ ilé kan fún oṣù kan. Ìbéèrè tèmi ni èyí: níbo ni a ó kọ aṣọ ẹbí sí? Bí bàbá ìyàwó ẹni bá kú, ṣé bùkátà ni àbí ìfẹ́ ọkàn? Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ fẹ́ ẹ, a kò sì lè sọ pé ẹni tí kò ra á yóò kú. Ìwé náà kò ní àyè fún un, nítorí pé ẹnì kan pẹ̀lú agbo ilé kékeré rẹ̀ ni ó kọ ọ́ fún. N kò dá àwọn òǹkọ̀wé náà lẹ́bi. Ará ilé wọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àwa tí a ń kà á sétí ìgbọ́ ẹlòmíràn láìtún un ṣe ni mo ń bá wí.

Mo ní ẹ̀tọ́ láti báni wí, nítorí pé mo ti jìn sí kòtò náà. Ní ọdún kan, mo ra ìwé àkọsílẹ̀, mo fa ìlà sí i, mo kọ oúnjẹ, epo ọkọ̀, owó iná àti owó ìdánwò ọmọ mi obìnrin tí ó ń jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama. N kò kọ ìlà kankan fún ẹbí, nítorí pé ìwé tí mo fi ṣe àwòkọ kò ní in. Oṣù kẹta kò tíì pé tí òkú àgbà fi ṣẹlẹ̀ ní ìdílé àna mi ní ìlú kan ní apá Ọyẹ́. Kò sí ẹni tí ó fi agbára mú mi. Aṣọ ni, ọtí ni, ìpín màlúù ni, mo sì ń fi ẹ̀rín san gbogbo rẹ̀, nítorí ẹni tí ó kàwé tó mi kò gbọdọ̀ jẹ́ ahun lójú àna. Nígbà tí mo padà ṣí ìwé mi, owó ìdánwò ti lọ. Ìyàwó mi ni ó san án, nínú èsúsú tí ó fẹ́ fi ra ọjà sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo gbìyànjú láti fi ìwé mi hàn án pé ètò wà níbẹ̀. Ó wò ó, ó ní, “Olówó orí mi, ìwé yín kò rí yín. Àwa mẹ́wàá ni à ń rí ara wa.” Ìsọ̀ rẹ̀ ṣófo fún sáà kan. Èmi ni mo jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni ó ru igbá.

Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo èyí jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ní. Pé ẹni tí owó rẹ̀ kò dúró kò lè ṣe ètò. Ẹjọ́ gidi ni. Láàárín 2015 sí 2018, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkìtì rí ìgbà tí oṣù mélòó kan ń rọ́ lu ara wọn láìrí owó oṣù. Àwọn tí ń ta àwìn fún wọn ní ọjà Ìkọ̀lé àti Ìdó sì jẹ nínú ìyà náà. Láti 2011 tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé sí Ọyẹ́ pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀ ní Ìkọ̀lé, owó oṣù àti owó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti di òjò tí ọjà àwọn ìlú wọ̀nyí ń retí. Bí òjò náà bá pẹ́, gbogbo oko ló ń gbẹ. Ní 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo fo láti ìsàlẹ̀ 200 náírà dé nǹkan bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kò sí ìlà inú ìwé tí ó lè dúró níwájú irú ẹ̀fúùfù bẹ́ẹ̀. Èsúsú pàápàá fara gbọgbẹ́: 50,000 tí ẹni ìkẹyìn kó kò ra ohun tí ti ẹni àkọ́kọ́ rà. A ó sì máa parọ́ bí a bá ní alájọ kì í sá lọ. Ṣùgbọ́n òjò kò dá àwọn bàbá wa lójú rí, síbẹ̀ wọ́n ya èbù sọ́tọ̀. Àìdánilójú ni ó mú wọn yà á sọ́tọ̀.

Nítorí náà, ìdájọ́ mi lórí ìṣúná tí a ń kọ́ wa ni pé ó dára ní ìṣirò, ó sì fọ́jú. Ohun tí ń tú u kì í ṣe àìmọ ìṣirò, nítorí ìyá alágbo ní ọjà ń ṣírò ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Ojú ènìyàn ni ó ń tú u, ojú ènìyàn náà ni ó sì lè so ó. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ètò rẹ̀ dúró, kí ó kọ́kọ́ yọ èbù ní ọjọ́ tí owó bá wọlé, kí ó sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ nìkan kò lè dé. Kí ó kọ ìlà kan fún ẹbí ní gbangba, kí ó kọ iye tí kò ní kọjá síwájú rẹ̀ nígbà tí kò tíì sí òkú nílẹ̀. Kí ó wá fi ìwé náà han ẹnì kan tí ó lè bi í léèrè. Ní ti àwa àgbà ẹbí, tiwa kù: kí a dẹ́kun pípe ẹni tí ó bá sọ pé agbára òun mọ níhìn-ín ní ahun. Bí a kò bá fi orúkọ yẹn lé e mọ́, ìdajì iṣẹ́ ìṣúná ti parí.

Ìwé mi ṣì wà nílé. Ó ní ìlà ẹbí nínú báyìí, ìyàwó mi ni ó sì ń tọ́jú rẹ̀.